Húùdù àti Fílítà Lójú Kámẹ́rà
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ tí ń ya àwòrán ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún)

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ké sí àwa ìgbìmọ̀ tí ń ya àwòrán pé kí a wá sọ̀rọ̀ lónìí, a gbọ́ pé àwọn kan ti ń sọ láàárín ara wọn pé owó kámẹ́rà tuntun ni a óò wá bèèrè. Ẹ fọkàn balẹ̀. Owó kọ́ ni a wá bèèrè. Nǹkan kékeré méjì tí ń gbé ojú kámẹ́rà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn onífọ́tò ń pe èkíní ní húùdù. Ìbòòji ni, ó sì dàbí etí fìlà tí a fà síwájú kí oòrùn má baà gún ni lójú. Wọ́n ń pe èkejì ní fílítà. Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni, dígí róbótó tí a ń dè mọ́ iwájú lẹ́ǹsì kí ó lè sẹ́ ìmọ́lẹ̀ kí ó tó wọlé. Ẹni kọ̀ọ̀kan wọn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pa wọ́n pọ̀ láìmọ bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀, wọn a máa ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́, wọn a sì ba tiwa jẹ́ pẹ̀lú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa, ìdí nìyí tí a fi dìde.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ìpàdé bí irú èyí, a to àwọn àgbà ìlú síwájú gbọ̀ngàn kí a lè yà wọ́n pọ̀. Ọjọ́ ti rọ̀, oòrùn ti ń wọ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ òrùlé gbọ̀ngàn, ó sì ń ta sójú àwa tí a di kámẹ́rà mú. A gbé àga síwájú fún àwọn tí ó dàgbà jù, àwọn yòókù sì dúró lórí àtẹ̀gùn. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A fi àga lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun kò tíì di ẹni tí à ń gbé jókòó kí ó tó lè ya fọ́tò. Ó gun àtẹ̀gùn lọ, ó dúró ní ìpẹ̀kun ìlà òkè pátápátá, ó tún agbádá etù rẹ̀ ṣe, ó sì gbé ojú sókè.

Àwa náà fẹ́ fi hàn pé a mọ iṣẹ́. Fílítà UV ti wà lójú lẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀, nítorí a kì í yọ ọ́. A tún de fílítà mìíràn lé e, èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́láráísà. A wá de húùdù onírọ́bà lé orí méjèèjì. A fa súùmù sẹ́yìn títí dé 24mm, kí gbogbo ènìyàn lè wọ inú àwòrán. Nígbà tí a ti tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà mẹ́ta, ọ̀kan nínú wa ní ẹrù tí ó wà lójú kámẹ́rà yìí ti pọ̀ jù. A yọ húùdù kúrò, a fi fílítà méjèèjì sílẹ̀, a sì tún yà. Oòrùn kò jẹ́ kí a rí ojú kámẹ́rà dáadáa láti yẹ iṣẹ́ wa wò. A ní ó ti dára, a sì tú ká.

Ìgbà tí a tẹ àwòrán náà sórí bébà ni a tó rí ohun tí a ṣe. Nínú àwọn ti àkọ́kọ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú bí ìdí ìkòkò, igun òkè sì ti gbé fìlà bàbá náà àti ìdajì ojú rẹ̀ mì. Nínú àwọn ti ẹ̀yìn, ojú bàbá pé, ṣùgbọ́n nǹkan funfun kan bo gbogbo àwòrán bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú. Etù rẹ̀ tí ó dúdú mini di àwọ̀ eérú. Ìmọ́lẹ̀ róbótó kan tí ó tó ọsàn sì jókòó sí àyà ẹni tí ó wà ní àárín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó jọ ọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí ọdún tó yípo, bàbá náà papòdà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà lókè òkun kọ̀wé sí wa pé kí a bá òun wá àwòrán ọjọ́ náà tí ojú bàbá òun ti hàn kedere. A wá a títí, kò sí. A gbé èyí tí ó dúdú fún ọmọ wa kan tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó sa gbogbo agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè rí fà yọ níbẹ̀. Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti kámẹ́rà, kì í sì í ṣe ti oòrùn. Tiwa ni. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A ti wo ẹ̀yìn, ohun tí a sì rí níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí húùdù. Bí a bá dúró sójú oòrùn tí a fẹ́ wo ẹni tí ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ọwọ́ ni a ń gbé sí iwájú orí. Ẹni tí à ń wò kò sí níbi tí oòrùn wà, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé kì í jẹ́ kí a rí i dáadáa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún kámẹ́rà. Inú lẹ́ǹsì kún fún dígí tí a tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ tí kò sí nínú àwòrán bá bọ́ sórí dígí àkọ́kọ́, yóò máa ta kiri láti ojú dígí kan sí èkejì, yóò sì fọ́n ká sórí gbogbo àwòrán. Dúdú kò ní dúdú mọ́, àwọ̀ yóò ṣá. Nígbà mìíràn yóò kóra jọ bí ìmọ́lẹ̀ róbótó tí a rí lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ húùdù ni láti dá irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró kí ó tó kan dígí rárá.

Ṣùgbọ́n húùdù kọ̀ọ̀kan ní lẹ́ǹsì tí ó bá mu. Lẹ́ǹsì tí ń wo ibi gbígbòòrò, bí 24mm, a máa rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì púpọ̀, nítorí náà húùdù rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, kí ó sì là gbàgà. Lẹ́ǹsì tí ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ wa, bí 200mm, kì í rí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà húùdù tirẹ̀ lè gùn bí agolo. Bí a bá fi húùdù gígùn sójú lẹ́ǹsì gbígbòòrò, lẹ́ǹsì yóò rí húùdù fúnra rẹ̀, igun àwòrán yóò sì dúdú. Bí a bá fi kúkúrú sí lẹ́ǹsì gígùn, kò ní ba nǹkan kan jẹ́, ṣùgbọ́n ìbòòji tí yóò fún un kò tó nǹkan. Ti súùmù tilẹ̀ le jù, nítorí ibi tí ó ti gbòòrò jù lọ ni a ń wò ṣe húùdù rẹ̀. Ẹ óò ti rí àwọn húùdù tí ẹnu wọn là bí òdòdó. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Àwòrán ní igun mẹ́rin, ibi igun wọ̀nyí sì ni ojú lẹ́ǹsì ti ń lọ jìnnà jù. Ìdí nìyí tí a fi gé húùdù wọlé níbi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a sì jẹ́ kí ó gùn lókè àti nísàlẹ̀.

Ó kù fún fílítà. Oríṣiríṣi ni ó wà. Nígbà tí àwòrán aláwọ̀ dúdú àti funfun ni gbogbo ènìyàn ń yà, fílítà pupa rẹ́súrẹ́sú bí epo kọ́ ni ó wọ́pọ̀ jù, bí kò ṣe aláwọ̀ ìyeyè, tí ń mú kí ojú ọ̀run ṣókùnkùn díẹ̀ kí ìkùukùu lè yọ. Ó ń gba nǹkan bí ìdajì ìmọ́lẹ̀. Fílítà pupa gidi ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ó wọlé. Fílítà UV wúlò láyé fíìmù, nítorí fíìmù a máa rí ìtànṣán kan tí ojú ènìyàn kì í rí. Kámẹ́rà ayé òde òní ti ní asẹ́ tirẹ̀ nínú, nítorí náà ààbò lásán ni UV jẹ́ fún wa nísinsìnyí: kí eruku ọyẹ́, omi òjò àti ìka ọmọdé má baà kan lẹ́ǹsì. Fílítà dúdú tí wọ́n ń pè ní ND a máa dín ìmọ́lẹ̀ kù, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń ya omi tí ń já ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lè jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là pẹ́, kí omi náà sì rí bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ bí òwú.

Pọ́láráísà ni ọba nínú wọn. Ó ń pa dídán orí omi, orí dígí fèrèsé, orí ewé àti orí ara tí ó làágùn, ó sì ń mú kí ojú ọ̀run dúdú dáradára. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Étienne-Louis Malus, ni ó ṣàkíyèsí ní 1808 pé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ta láti ara dígí kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá tààrà. Yíyí ni a ń yí pọ́láráísà títí ojú yóò fi rí ohun tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí oòrùn bá wà ní ẹ̀gbẹ́ wa ni agbára rẹ̀ lórí ojú ọ̀run pọ̀ jù. Bí oòrùn bá wà níwájú wa gan-an tàbí lẹ́yìn wa, díẹ̀ ni ohun tí yóò ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́: nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí nínú mẹ́rin ni yóò ṣẹ́kù. Ẹ rántí pé iwájú wa ni oòrùn wà lọ́jọ́ náà. Òfo ni pọ́láráísà wa ṣe níbẹ̀. Ó gba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wa, ó fi sísanra kún ẹrù ojú lẹ́ǹsì, kò sì fún wa ní nǹkan kan padà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àwọn méjèèjì ṣe ń jà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ojú dígí tí a kò fi nǹkan kan kùn, nǹkan bí 4 nínú 100 ni yóò ta padà. Fílítà kan ní ojú méjì, nítorí náà 8 ti lọ. Fílítà méjì ní ojú mẹ́rin, ó ti tó 15. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà wọ̀nyí kì í sùn. Inú lẹ́ǹsì ni díẹ̀ nínú wọn ń rìn kiri sí. Òtítọ́ ni pé láti 1935, nígbà tí Alexander Smakula ní ilé iṣẹ́ Carl Zeiss ní Jámánì wá ọgbọ́n kíkun ojú dígí, ìtapadà yìí ti dín kù púpọ̀, tí ó fi jẹ́ pé fílítà tí ó dára kì í ta 1 padà nínú 100 ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n fílítà olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà nínú àpò ọ̀rá kì í ní irú ìkùn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi fílítà sójú kámẹ́rà nílò húùdù ju ẹni tí kò fi í sí lọ. Iwájú pátápátá ni dígí fílítà wà, kò sí ohun tí ó bò ó. Fílítà ń bèèrè húùdù.

Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí húùdù bá jẹ́ èyí tí a ń de sínú ẹnu fílítà, fílítà yóò tì í síwájú. Fílítà kan tì í díẹ̀, èkejì tún tì í. Húùdù tí ó bá lẹ́ǹsì mu tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí ó gùn jù, lẹ́ǹsì gbígbòòrò yóò sì rí etí rẹ̀. Ohun tí ó gbé ojú bàbá wa mì nìyẹn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Kí ni kí a ṣe? Ọ̀nà tí ó dára jù ni pé kí fílítà wà nínú, kí húùdù sì wà lóde, kí ọ̀kan má ṣe gun ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì ayé òde òní ni a ṣe bẹ́ẹ̀: ihò tí a ń de fílítà sí wà níwájú, ìkọ́ tí a fi ń gbé húùdù rọ̀ sì wà ní ìta ara lẹ́ǹsì, a ó yí i díẹ̀, yóò sì ró pé kọ̀. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Kámẹ́rà Rolleiflex, tí wọ́n kọ́kọ́ mú jáde ní Braunschweig ní Jámánì ní 1929, ní irú èyí nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́: ìkọ́ inú wà fún fílítà, ìkọ́ òde wà fún húùdù. Irú kámẹ́rà Rolleiflex ni Pierre Fatumbi Verger (1902–1996) gbé kiri ilẹ̀ Yorùbá, Dàhọ̀mì àti Bàhíà ní Brazil, tí ó fi jẹ́ pé lónìí a lè fi ojú àwọn ènìyàn wa níhìn-ín wé ojú àwọn ọmọ wa tí a kó gba orí òkun lọ.

Bí ó bá jẹ́ húùdù tí a ń de mọ́ fílítà ni a ní, kí fílítà má ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá fẹ́ lo pọ́láráísà, kí a kọ́kọ́ yọ UV kúrò. Lẹ́ǹsì tí ó bá tó 50mm tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa gba fílítà kan àti húùdù láìjà; lórí 24mm, kí a ṣọ́ra gidigidi, tàbí kí a ra fílítà tí etí rẹ̀ tinrin. Kí a má sì ṣe de húùdù ẹlẹ́nu òdòdó mọ́ iwájú pọ́láráísà láéláé, nítorí bí a bá ti ń yí pọ́láráísà, ẹnu òdòdó yóò máa yí tẹ̀lé e, ibi tí ó gùn yóò sì bọ́ sí igun. Ti húùdù tí ń gbé ìta, àwọn kan ní fèrèsé kékeré nísàlẹ̀ tí ìka lè gbà wọlé yí pọ́láráísà. Bí kò bá sí, kí a yọ húùdù, kí a yí fílítà bí a ti fẹ́, kí a tún húùdù dá padà. Bí a bá wá gbé kámẹ́rà dúró lóòró lẹ́yìn tí a ti mú un ní ìbú, kí a rántí pé a ní láti tún pọ́láráísà yí.

Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé yíyọ ni ó dára jù. Bí oòrùn fúnra rẹ̀ bá wà nínú àwòrán, húùdù kò lè gbà wá, nítorí kò lè bo ohun tí a fẹ́ yà. Ẹ yọ fílítà nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni lóru, níbi àríyá tí iná gílóòbù tò lọ bẹẹrẹ: fílítà lè bí ẹ̀dà iná kọ̀ọ̀kan sí apá kejì àwòrán. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi húùdù sílẹ̀. Húùdù kò ní dígí, nítorí náà kì í bí ẹ̀dà, bí kámẹ́rà bá sì forí kọ nǹkan, òun ni yóò kọ́kọ́ gbá a.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń ya àwòrán níbi òde, a fẹ́ fi ìdánwò kan lé yín lọ́wọ́ tí kì í ná ni ní kọ́bọ̀. Ẹ dojú kámẹ́rà kọ ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run tí kò ní oòrùn. Ẹ fa súùmù síbi tí ó ti gbòòrò jù, ẹ jẹ́ kí ihò lẹ́ǹsì kéré, bí f/16. Ẹ yà á láìsí nǹkan kan lójú rẹ̀, ẹ fi fílítà nìkan yà á, ẹ fi húùdù nìkan yà á, ẹ wá fi méjèèjì yà á. Ẹ gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì wo igun wọn. Ilé ni a ti ń ṣe èyí, kì í ṣe níwájú àwọn àgbà tí a ti tò sójú oòrùn. Níbi iṣẹ́, kí ẹnì kan dúró síwájú kámẹ́rà kí ó wo ojú dígí. Bí oòrùn bá ń tàn sórí rẹ̀ tààrà, ìbòòji kò tó. Ẹ fi páálí, agbòòrùn tàbí àtẹ́lẹwọ́ kún un, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ má wọnú àwòrán.

A tún ń rí ohun kan lóde tí ń pa wá lẹ́rìn-ín, tí ó sì ń dùn wá. Inú àpò, a máa ń dojú húùdù kọ ẹ̀yìn kí ó má baà gba àyè. Ọ̀pọ̀ onífọ́tò ni yóò gbé kámẹ́rà jáde tí yóò yà á bẹ́ẹ̀ títí òde yóò fi tú, láìyí húùdù síwájú. Ó jọ ẹni tí ó gbé agbòòrùn kọ́ èjìká tí òjò ń pa á lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi tí ẹ ń fi kámẹ́rà ránṣẹ́ sílé, ẹ ṣeun, ọwọ́ yín kò ní gbẹ. Ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Bí ẹ bá fi lẹ́ǹsì ránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi húùdù tirẹ̀ gan-an tì í, kì í ṣe èyí tí ó kàn jọ ọ́. Ẹ wo nọ́ńbà tí a kọ sí ojú lẹ́ǹsì, bí 58, 67 tàbí 77. Òun ni ìwọ̀n fílítà rẹ̀. Fílítà kan ṣoṣo tí a kùn dáadáa sàn fún wa ju mẹ́fà inú àpò ọ̀rá lọ. Ẹ̀yin tí fóònù sì ni kámẹ́rà yín, ọ̀rọ̀ yìí kò yọ yín sílẹ̀: ẹ nu ojú rẹ̀ kí ẹ tó yà, bí oòrùn bá ń gún un lójú, ẹ fi ọwọ́ ṣíji bò ó.

Ní ti ọmọ bàbá náà, àwòrán tí ọyẹ́ bò ni a fi ránṣẹ́ sí i, lẹ́yìn tí a ti tún un ṣe níwọ̀n tí a lè tún un ṣe mọ. Ó dúpẹ́. Ó ní òun ti gbé e kọ́ ògiri, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òun máa ń bèèrè bóyá èéfín wà nílé bàbá àgbà àwọn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn wa.

Bí a bá parí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, a ó tún to àwọn àgbà wa síwájú gbọ̀ngàn. A ti yí ibi tí a óò dúró sí padà, kí oòrùn lè wà ní ẹ̀gbẹ́ wa. A ti yọ gbogbo fílítà kúrò, húùdù tí ó bá lẹ́ǹsì mu ni ó wà lójú rẹ̀, a sì ti fi ògiri funfun ilé akọ̀wé dán an wò láàárọ̀ yìí. A fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí igun má ṣe jẹ́ ibùgbé ẹnikẹ́ni. Bí àgbà kan bá sì tún kọ̀ láti jókòó, a kò ní bá a jiyàn. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni a óò bẹ̀ ẹ́, pé kí ó jọ̀wọ́ súnmọ́ àárín díẹ̀.